Odi Tí Kò Ní Ẹnu Ọ̀nà

Ọkùnrin kan wà tí ìfẹ̀yìntì kò bá lára mu. Iṣẹ́ ìjọba ló ṣe dàgbà, nígbà tó wá di pé kó jókòó sílé, ìdí rẹ̀ kò gba àga. Á yọjú lójú fèrèsé, á lọ fọwọ́ kan géètì bóyá wọ́n tì í, á padà wá jókòó, á tún dìde. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Rayọ̀, tó jẹ́ olùkọ́, ṣàánú rẹ̀. Ó fi géèmù kan sórí fóònù bàbá, kó lè rí nǹkan fi ọwọ́ mú.

Géèmù ogun ni. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn ọ̀tá ń gbà bọ̀ wá sí ìlú, ọ̀nà náà kì í sì í yí padà. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣeré kò ju kó kọ́ ilé ìṣọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ilé ìṣọ́ máa yìnbọn lù wọ́n bí wọ́n ti ń kọjá. Kò pẹ́ tí bàbá fi mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ́ ọ lọ, ó sì ń fi í yangàn káàkiri àdúgbò bí ẹni tó ti ogun gidi dé.

Ní àkókò yìí kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí wá kí Rayọ̀. Ọ̀sán gangan ló wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó fẹ́ sọ orúkọ bàbá rẹ̀. Bàbá kò jẹ́ kó parí rẹ̀ tó fi lé e. Nígbà tó tún wá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló mú dání, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ ló dáhùn látẹ̀yìn géètì pé bàbá kò sí nílé.

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá Rayọ̀, ẹni tó mú àgbà wá sílé ẹni kì í ṣe olè.”

Ó ní, “Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́.”

Òwe náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un pé àna ẹni ni aláǹgbá?

Nígbà tó yá, Rayọ̀ fi géèmù kejì sórí fóònù náà. Èyí jọ ti àkọ́kọ́ lójú, odi àti ilé ìṣọ́ ni, àfi pé kò sí ọ̀nà kankan níbẹ̀. Ibi tí àyè bá wà ni àwọn ọ̀tá ń gbà. Bàbá mọ odi yí ìlú ká láìku ibì kan, ó to ilé ìṣọ́ síwájú, ó ń retí. Àwọn ọ̀tá dé, wọn kò rí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì wó odi lẹ́yìn, níbi tí kò sí ilé ìṣọ́ kankan. Ó mọ odi tó nípọn sí i, wọ́n tún wó o. Kò gbádùn oúnjẹ mọ́. Ó ń dá sọ̀rọ̀, ó ń bú àwọn tó ṣe géèmù.

“Rayọ̀, wá wo nǹkan yìí. Ojóóró ni géèmù tí o fún mi.”

Ọmọ jókòó tì í. “Ẹ ti dí gbogbo ọ̀nà, Dádì.”

“Ṣé kí n wá ṣílẹ̀kùn fún wọn ni?”

“Ẹ fi ibì kan sílẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ á gba ibẹ̀, ẹ ó sì rí i. Tí ẹ bá dí gbogbo rẹ̀, wọn ò ní torí ìyẹn padà sílé. Ibi tí ojú yín ò tó ni wọ́n máa gbà.”

Ó ń wo ojú bàbá rẹ̀. Fóònù ni bàbá ń wò. Nígbà tó pẹ́, ọmọ dìde.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, bàbá gbìyànjú rẹ̀. Ó ṣí ibì kan sílẹ̀ níwájú àwọn ilé ìṣọ́, àwọn ọ̀tá tò wọlé, kò sí ọ̀kan tí kò rí, ìlú sì dúró. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Ó ń pe Rayọ̀ kó wá wò ó. Ìyàwó rẹ̀ ló wọlé, tòun ti aṣọ òde lọ́rùn.

“Rayọ̀ dà?”

“Wọ́n ti so wọ́n pọ̀ ní kóòtù láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ rẹ̀ ló jókòó sórí àga yín.”

“Ìwọ náà mọ̀, o ò sọ fún mi?”

“Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà sọ ọ́, Bàbá Rayọ̀?”

Fóònù ṣì ń kọrin ìṣẹ́gun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùn ún wọra, kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń pa orin náà.

Ìwọ òbí tí mò ń bá sọ̀rọ̀, àwọn nǹkan kan wà tí a mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé: olè, iná, ẹ̀fọn. Dènà wọn, má ṣàánú. Ọmọ tó ti dàgbà kò sí lára wọn. Kò ní kí o gba gbogbo ẹni tó bá mú wá, àyè tó lè gbà mú un wá ló ń wá lọ́dọ̀ rẹ. Wọ́n ní o ti pàṣẹ fún ọmọbìnrin tìrẹ náà pé kó má dárúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wá kí i létí rẹ mọ́. Pè é kí ilẹ̀ òní tó ṣú, kí o bi í pé ọmọ ta ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà.