Etí Nìkan Ló Wò

“Ehoro rèé!”

“Kì í ṣe ehoro, bàbá. Bílíbì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n yá wa láti Ọsirélíà ni, a ó dá a padà.”

“Ẹ wo etí rẹ̀, ọ̀gá! Ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun.”

“Ẹ máa wé e o. Bó bá ṣáà ti sọnù, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwa méjèèjì nìyẹn.”

Odérìndé ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọdẹ ehoro kó tó wá ń tọ́jú ẹranko ní ọgbà tí Mojísọ́lá jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó mọ̀ pé fífò ni iṣẹ́ ehoro igbó, kì í gbẹ́ ihò. Ló bá mọ ògiri gíga yí àlejò náà ká, ó sì tẹ́ koríko sórí erùpẹ̀ fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, koríko nìkan ló bá. Ihò kan wà ní ẹsẹ̀ ògiri. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi etí lé ẹnu ihò náà, ó gbọ́ tí nǹkan ń họ ilẹ̀ nínú. Ó sáré yí sẹ́yìn ògiri. Erùpẹ̀ ń wú níbẹ̀. Imú ṣóńṣó kan yọ, etí méjì tẹ̀ lé e, Odérìndé sì fi fìlà bò ó mọ́lẹ̀.

Ó gbé e sókè, ó ń yí i wò. “Háà! Ìrù gígùn, èékánná bí ọkọ́!”

Mojísọ́lá tó sáré dé mí kanlẹ̀. “Bàbá, ẹ ti wé e tán. Ó wá ku kí ẹ mọ̀ ọ́n.”

Odérìndé gbé e lé e lọ́wọ́, ó kọrí síbi tí símẹ́ńtì wà láti fi dí ihò náà. “Ọ̀gá, bí wọ́n bá tún mú òmíràn wá, tí mo sì ní ó jọ nǹkan, ẹ kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ti wo ẹsẹ̀ rẹ̀.”