Ewé Tí Orúkọ Rẹ̀ Sọnù

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi. Ààlọ́ mi já ewé gbúre, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn Àwẹ̀ró, ìyàwó ọdẹ.

Ní ayé àtijọ́, ẹnikẹ́ni kì í mú ọ̀bẹ lọ bá ewé. Ìyàwó ilé á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á pe ewé lórúkọ, ewé á dá a lóhùn, á rìn wá síbi ìkòkò. Èso náà á yí gbirigbiri wá. Ìyá ìyá mi ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Bí wọ́n bá sọ ọ́ débẹ̀, wọ́n á wo ẹ̀yìnkùlé. Àárò ìgbà yẹn ń sọ èmi náà, bí mi ò tilẹ̀ bá a.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀rẹ́ Àwẹ̀ró wá kí i. Ẹran ìgbẹ́ kún àjà rẹ̀. Bí wọ́n ti jókòó, Gbúre yọjú, Yánrin yọjú, Ìyeyè yí wọlé.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyàwó ọdẹ, ìwọ náà ṣì ń jẹ ewé?"

Ojú ti Àwẹ̀ró. Ó ní, "Koríko lásán ni. Ẹran là ń jẹ nílé yìí."

Gbúre gbọ́, ó padà. Yánrin gbọ́, ó padà. Ìyeyè gbọ́, ó yí padà. Gbogbo ewé ẹ̀yìnkùlé bá wọn wọgbó lọ.

Ẹran láàárọ̀, ẹran lọ́sàn-án, ẹran lálẹ́. Kò pẹ́ kò jìnnà, ojú Àtọ́kẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á máa fọwọ́ wá ògiri.

"Ìyá, ẹ ò tíì tanná ni?"

Fìtílà sì ń jó níwájú rẹ̀.

Àwẹ̀ró sáré lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Ẹ̀yin koríko, ẹ máa bọ̀." Kò sí ìdáhùn. "Ẹ̀yin ewé, ẹ máa bọ̀." Kò sí ìdáhùn. Ó fẹ́ pè wọ́n lórúkọ, àmọ́ ó ti gbàgbé.

Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá, ẹ gbà mí. Mo ti gbàgbé orúkọ wọn."

Ìyá arúgbó ní, "Òdú tí kì í ṣe àìmọ̀ olóko, ìwọ lo pè é ní koríko. Gbé mi dìde."

Ìyá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Gbúre o, máa bọ̀ nílé,
*Ẹ̀yìnkùlé ń pè ọ́.*
Yánrin o, máa bọ̀ nílé,
*Ẹ̀yìnkùlé ń pè ọ́.*
Ìyeyè o, máa bọ̀ nílé,
*Ẹ̀yìnkùlé ń pè ọ́.*

Gbúre dé. Yánrin dé. Ìyeyè dé. Ìyá tún la ẹnu. Ewé kan ṣì kù, èyí tó dùn ju gbogbo wọn lọ.

"Ó wà lẹ́nu mi," ni ìyá wí. "Ó wà lẹ́nu mi, ọmọ mi."

Ó wà lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi lọ sọ́run.

Àtọ́kẹ́ jẹ, ó jẹ, ó jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó ní, "Ìyá, iná fìtílà yín pọ̀ jù." Àwẹ̀ró bú sẹ́kún ayọ̀.

Àmọ́ ewé kan yẹn ṣì wà nínú igbó, ó ń dẹtí. Èmi náà ò mọ orúkọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ewé àti èso ò fi pọ̀ tó lẹ́nu wa: à ń fi wọ́n ṣẹ̀sín, à ń gbàgbé orúkọ wọn. Ẹ bi àwọn ìyá yín léèrè nígbà tí ó ṣì wà lẹ́nu wọn.

Ibi tí mo bá ààlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá purọ́, kí gbúre má jẹ́ mi lóhùn lọ́la.