Ẹyẹ Lékeléke Ara Ògiri

Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyàwó tí Ọdẹ́jìmí fẹ́ lẹ́yìn tí Ìbídùn, aya rẹ̀ àkọ́fẹ́, ti kú. Àgbẹ̀ ni Ọdẹ́jìmí. Oko rẹ̀ jìnnà, inú ẹgàn ló sì máa ń wà, tí yóò fi ìyàwó àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ìbídùn bí fún un sílé. Ọmọ́tọ̀ṣọ́ ni orúkọ ọmọ náà, eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ni. Bí àṣà ti rí, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, nítorí náà Àwẹ̀ró fún un ní orúkọ àpọ́nlé, ó ń pè é ní Adúmáadán. Ọmọ náà kò jẹ́ ẹ rí. Bó bá kúnlẹ̀ kí ìyàwó bàbá rẹ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ló ń kí.

Ní Òkè-Amọ̀ tí wọ́n ń gbé, amọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Wọn a tẹ amọ̀ ní pẹlẹbẹ, wọn a sun ún níná bí ìkòkò, wọn a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ògiri yóò fi kún. Obìnrin ilé ni yóò wá fi ẹfun, osùn àti aró ya ohun tó bá wù ú sí i lára. Bó bá gbẹ, yóò se èèpo èso igi irú, yóò fi omi rẹ̀ kun gbogbo rẹ̀ kí àwọ̀ náà má baà ṣí. Ìbídùn ló kun ògiri ilé Ọdẹ́jìmí. Èéfín ti bò ó, ṣùgbọ́n ìdí ògiri yìí ni Ọmọ́tọ̀ṣọ́ máa ń jókòó sí, ibẹ̀ náà ló ti ń jẹun.

Ọdẹ́jìmí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí ilé rẹ̀ wà lórí òkè, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Òkè. Obìnrin tó di àṣà mú ni, kì í sì í gbọ́ àwáwí. Ó wá bá Àwẹ̀ró, ó ní obìnrin kì í fi ọwọ́ obìnrin mìíràn ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé rẹ̀. Ó ní kó fọ ògiri náà mọ́, kó sì kùn ún ní tirẹ̀ kí iṣu tuntun tó wọ̀lú.

"Bí mo bá dé lọ́dún iṣu, tí n kò bá ọwọ́ rẹ lára ògiri yìí, ìyàwó, àlejò ni ọ́," ni ó wí. "A kì í fi ọmọ sọ́dọ̀ àlejò. Màá mú un lọ."

Àwẹ̀ró kò tíì bímọ, ó sì ti fẹ́ràn ọmọ tí kì í wo ojú rẹ̀ yìí. Ó fẹ́ràn bó ti máa ń bá àwọn adìyẹ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn ronú. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣẹ́gi, Àwẹ̀ró gbé omi kaná. Ní ìlú tirẹ̀, wọn kì í fi omi èèpo irú kun nǹkan. Omi gbígbóná àti eérú ni wọ́n fi ń fọ ìkòkò, ó sì rò pé bákan náà ni gbogbo amọ̀ rí. Ó da omi náà sí ògiri. Omi irú àtijọ́ yọ́, ó pò mọ́ èéfín, ó ń ṣàn wálẹ̀ bí ọ̀dà. Bó ti ń gbẹ ló ń dì. Àwẹ̀ró mú kànrìnkàn àti iyanrìn, ó ń ha á. Bó ti ń ha á ló ń dán, bó ti ń dán ló ń le, títí ògiri fi dúdú bí ìdí ìkòkò, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì bó.

Ọmọ́tọ̀ṣọ́ dé, ó sọ igi kalẹ̀. Kò sunkún. Ó wo ògiri, ó wo ọwọ́ ìyàwó bàbá rẹ̀, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn ilé. Láti ìgbà náà, kò tilẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́. Àwẹ̀ró bá a wí, ó ní ọmọ tí kò kí àgbà kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ náà pa ẹnu mọ́. Àwẹ̀ró gba oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, ó ní àfi tó bá fèsì. Ọmọ náà sùn láìjẹun. Kò yẹ kí àgbàlagbà máa bá ọmọdé du agbára. Bó bá tilẹ̀ borí, kí ni yóò fi ìborí náà ṣe?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ti Àwẹ̀ró. Ó gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ náà. Ó padà wá fi àdín pa ọwọ́ rẹ̀ tó bó, àárẹ̀ mú un, ó fi ọwọ́ ti ògiri. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ó rí i pé ibi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kàn ti rọ̀, funfun kékeré kan sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀.

Ó wá òwú, ó tì í bọ àdín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún jẹ́jẹ́. Ibi tó bá kọ̀ fún un, á fi àdín sí i, á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Báyìí náà ló ṣe sí ọmọ. Kò pè é, kò bá a wí. Á bu oúnjẹ rẹ̀ fún un, á fi ẹja tó dára jù sí i lórí, á sì padà sídìí ògiri. Ọmọ náà kọ́kọ́ ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Nígbà tó ṣe, ó dé ìdí òpó. Nígbà tí ẹyẹ lékeléke kan yọ lára ògiri, ẹ̀gbẹ́ Àwẹ̀ró gan-an ló dúró sí.

"Ẹ rọra," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ tín-ín-rín."

Ọwọ́ Àwẹ̀ró dúró. Kò yíjú sí i, kí ọmọ náà má baà sá. Ó ní, "N ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ náà gbà, Adúmáadán. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

"Ibí yìí ló gbà. Ìyá mi ní ó ń ṣa eégbọn lára màlúù ni, ṣùgbọ́n àyè ò gba màlúù."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ọmọ náà rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín iwájú rẹ̀ ti lọ. Àwẹ̀ró já òwú fún un, àwọn méjèèjì sì jọ ń nu ògiri láti ọjọ́ náà lọ.

Iṣu tuntun wọ̀lú, Ìyá Òkè sì dé. Ògiri mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ọwọ́ Ìbídùn ló wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀.

"Ìyàwó," ni ó wí, ojú rẹ̀ le, "èwo ni tìrẹ níbẹ̀?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ìgbà wà fún un láti kùn ún ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á láti pa ọwọ́ ìyá ọmọ rẹ́. Ọmọ́tọ̀ṣọ́ jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Ìyá mi ló kùn ún," ni ó sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. "Ìyá mi yìí ló nù ún."

Ìyá Òkè wo ọwọ́ kékeré tó di aṣọ mú náà. Ó jókòó, ó ní kí ìyàwó fún òun lómi mu. Nígbà tó mu ún tán, ó ní ọmọ náà kò níbi tó ń lọ. Ó béèrè bí ògiri náà ṣe mọ́, Àwẹ̀ró sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: omi gbígbóná, iyanrìn, oúnjẹ tó gbà lọ́wọ́ ọmọ, àti àdín. Ìyá Òkè gbọ́ ọ títí dé òpin, ó mi orí, ó sì sọ gbólóhùn kan tó tẹ̀ lé àwọn obìnrin Òkè-Amọ̀ dé ilé ọkọ gbogbo. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí dòní pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.