Àtẹ̀gùn Ilé Kánsù

Alága kánsù ti gbọ̀ngàn tí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ti ń ṣe eré ìdárayá pa, ó sì kó àga tirẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí Màmá Ọmọ́tádé, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, lọ bá a, Alága ní, "Kí gbogbo yín gun àtẹ̀gùn alájà mẹ́ta yìí wá bá mi lókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ gbàgbé kọ́kọ́rọ́." Màmá dúpẹ́, ó lọ kó ogún àgbàlagbà wá sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé, ó ní kí wọ́n máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sókè pé ìyá ìyàwó Alága wà nísàlẹ̀. Ta ló jẹ́ jẹ́ kí àna òun gun òkè wá kí òun? Alága sáré sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó padà. Kò tíì jókòó tán tí wọ́n ní tíṣà tó kọ́ ọ ní ábídí ti dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá tó gbẹ̀bí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀karùn-ún, àárín àtẹ̀gùn ló jókòó sí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Alága," ni Màmá wí láti ìsàlẹ̀. "Ó ku èèyàn mẹ́rìndínlógún tó fẹ́ kí yín. Ṣé kí n máa pè wọ́n ni, àbí ẹ ó kó àga yín kúrò níbẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn!"