Onígbàjámọ̀ Tí Kò Rí Ju Orí Lọ

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè, iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ló ń ṣe. Bàbá rẹ̀ ló fi abẹ lé e lọ́wọ́, bàbá bàbá rẹ̀ ló sì fi lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ lórí ènìyàn. Ọmọ tó ń ké wọlé á sùn lọ sí i lọ́wọ́, àgbàlagbà á sì máa hanrun lórí àga. Àmọ́ kì í ṣe fífá orí gan-an ló wù ú. Ohun tó wù ú ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá parí, tó bá gbọn irun dànù lára aṣọ, tó sì gbé dígí síwájú oníbàárà. Ojú ènìyàn a máa yí padà nínú dígí yẹn. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú ìrònú á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bú kó tó jáde nílé á na ọrùn sókè. Onígbàjámọ̀ á dúró lẹ́yìn wọn, á máa wò, inú rẹ̀ á máa dùn bí ẹni pé òun ló mọ ojú náà. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dùn ún: bí oníbàárà bá ti dìde, ojú náà ti lọ nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ kan, bàbá yìí mú kámẹ́rà àtijọ́ kan wá, irú èyí tó ń lo fíìmù, ó ní, "Gbà. Ojú mi kò gbé e mọ́, ojú tìrẹ sì ń ríran ju ohun tí o ń fi ṣe lọ." Onígbàjámọ̀ fi kámẹ́rà kọ́ ọrùn. Lọ́jọ́ kejì, bíríkìlà kan tó fẹ́ gbéyàwó wá gẹ irun. Bí dígí ṣe dé iwájú rẹ̀, tí eyín rẹ̀ yọ síta, onígbàjámọ̀ tẹ kámẹ́rà. Ó fi fíìmù ránṣẹ́ sí ìlú ńlá, ó sì dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí fọ́tò náà dé, ó jókòó sórí àga oníbàárà fúnra rẹ̀, ó wò ó títí. Ojú tó ti lọ ti padà wá, kò sì ní lọ mọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín lóun nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń kọjá lọ rò pé nǹkan ti ń ṣe é.

Nǹkan sì ti ń ṣe é lóòótọ́. Àwọn àgbà ní ohun tó bá wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ọkùnrin yìí kò ní ju kámẹ́rà kan lọ, àmọ́ ẹyọ kan náà ti gba gbogbo ilé. Bó bá ń fá orí, ojú rẹ̀ á wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí oòrùn ti ń tàn sára àwọn tó ń kọjá. Lọ́jọ́ kan, ó ti fá apá kan orí akọ̀wé ìjọ nígbà tó tajú kán rí àgbẹ̀ kan tó gbé ewúrẹ́ kọ́ ọrùn, tí òun àti ewúrẹ́ jọ ń wo ọ̀kánkán bákan náà. Ó ju abẹ sílẹ̀, ó gbá tẹ̀ lé wọn. Akọ̀wé ìjọ jókòó, ó retí rẹ̀ títí. Nígbà tó sú u, ó fi aṣọ bo orí, ó gba ilé onígbàjámọ̀ lọ láti fẹjọ́ rẹ̀ sun ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó gbọ́ ẹjọ́ náà, ó bẹ akọ̀wé títí, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tí onítọ̀hún lọ tán. Àmọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ gidi ló bá a sọ. Ó ní, "Bàbá Morẹ́nikẹ́, orí ènìyàn kì í ṣe oko tí wọ́n ń ro dé ìdajì. Ẹ mú ọ̀kan, abẹ ni tàbí kámẹ́rà. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà, màá tì yín lẹ́yìn. Àmọ́ bí iṣu tuntun bá jáde tí ẹnikẹ́ni ò wá yín wá, ẹ ó padà sídìí abẹ, ẹ ò sì ní fajú ro." Ọkùnrin náà gbà. Ó gbé abẹ fún àbúrò rẹ̀, ó lọ bá ọ̀gá ayàwòrán kan ní ìlú ńlá, ó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Nínú gbogbo àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń ya ojú bíi tirẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ó padà sílé, ó kun ṣọ́ọ̀bù lọ́dà funfun, ó sì kọ iṣẹ́ tuntun sára ilẹ̀kùn. Àwọn ènìyàn wá. Wọ́n wọ aṣọ tó dára jù lọ, wọ́n nu bàtà, wọ́n jókòó dáadáa, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún. Òun á sún mọ́ wọn, á tún sún mọ́ wọn, títí ojú nìkan á fi kún inú kámẹ́rà. Fọ́tò á jáde, á mọ́ kedere. Wọ́n á gbà á, wọ́n á ní, "Ẹ ṣé o, ọwọ́ yín á máa ròkè," wọ́n á sì máa lọ. Wọn kì í padà wá. Ìwọ náà ṣáà mọ àwọn ènìyàn wa, wọn kì í sọ fún oníṣẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Òjò dé, iṣu ń ta lóko, ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ará ìlú yìí kò mọ ohun tó dára. Ìyàwó kàn bojú wo ọ̀nà oko.

Àwọn amọ̀kòkò wà ní ìsàlẹ̀ ìlú. Olórí wọn jẹ́ ìyá arúgbó kan tí kò sí ilé tí ìkòkò rẹ̀ kò sí. Ó di ẹni ọgọ́rin ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, níbi tí gbogbo àlejò yóò ti máa rí i. Wọ́n ránṣẹ́ sí ayàwòrán tuntun. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jẹun. Bí fọ́tò yìí bá dára, gbogbo ìlú ni yóò rí i. Bí kò bá dára, gbogbo ìlú náà ni yóò rí i, abẹ sì ń dúró dè é nílé.

Ó bá ìyá lórí àpótí. Ìyá ti fi kànrìnkàn fọ ọwọ́ títí amọ̀ fi kúrò lábẹ́ èékánná, ó fi ìpara ra ẹsẹ̀, ó sì gbé ìkòkò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ayàwòrán dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó sún mọ́ ọn. Ó tún sún mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ tó gbé fọ́tò náà lọ, ó ti fi férémù sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fèrèsé. Gbogbo agbo ilé péjọ, ó sì ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Ojú ìyá ló wà níbẹ̀ gbàgàdà, gbogbo ìlà rẹ̀ pé. Ìyá gbà á, ó wò ó, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn férémù. Ó tún yí i síwájú.

Ó ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ mi dà?"

Ayàwòrán ní, "Ìyá, ẹ má bínú, ojú lọ̀rọ̀ wà."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́," ni ìyá fèsì. "Àmọ́ ṣé ọ̀rọ̀ ni mo fi tọ́ gbogbo àwọn tó jókòó yìí? Ọwọ́ mi dà? Ẹsẹ̀ mi dà? Mo ti ń fọ̀ wọ́n láti àárọ̀ ọjọ́ náà!" Ó tún wo fọ́tò, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn èjìká rẹ̀. "Háà! Onígbàjámọ̀ ṣì ni ọ́. Orí lo ṣì ń fá!"

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Ojú ti ọkùnrin náà, ó wo ilẹ̀, ilẹ̀ kò lanu. Ì bá gbé férémù rẹ̀, kó fi ìbínú jáde. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ló ti gba ọ̀nà yẹn lọ sílé tí a kò gbúròó wọn mọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Gbogbo bàtà tí àwọn ènìyàn ti nù wá, gbogbo ọwọ́ tí wọ́n ti gbé lé orúnkún, ó rí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì mọ ìdí tí wọn kò fi padà wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ìyá, ẹ kọ́ mi. Kí lẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ yín rí?"

Ẹnikẹ́ni kò tíì bi ìyá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó bọ́ aṣọ òkè, ó ró ìró iṣẹ́ mọ́ àyà, ó sì mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Bí o kò bá tíì rí amọ̀kòkò lẹ́nu iṣẹ́ rí, ìkòkò kì í yí, amọ̀kòkò ló ń yí. Á gbé amọ̀ kalẹ̀ sórí ìdí ìkòkò tó ti fọ́, á bẹ̀rẹ̀, á máa fi ẹ̀yìn rìn yí i po, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní kúrò lára rẹ̀. Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún yìí ń yí i po bí ọmọge. Ayàwòrán gbé kámẹ́rà sójú, ó rí ojú, kò rí ọwọ́. Ó fà sẹ́yìn. Ó rí ọwọ́, kò rí ẹsẹ̀. Ó tún fà sẹ́yìn. Kò mọ̀ pé kòtò amọ̀ wà lẹ́yìn òun. Gbàà, ó jókòó sínú rẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun. Ìyá gbójú sókè, ó rí i, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ìkòkò. Láti inú kòtò yẹn, ọkùnrin náà rí i tán, orí, ọwọ́, ẹsẹ̀ nínú erùpẹ̀, àti ìkòkò láàárín. Ó tẹ kámẹ́rà.

Nígbà tí fọ́tò kejì dé, ìyá fi ìka kan ọwọ́, ó fi kan ẹsẹ̀, ó ní, "Mo pé." Òun ni wọ́n gbé kọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Láàárín oṣù kan, àgbẹ̀ ti gbé ọkọ́ rẹ̀ wá síwájú kámẹ́rà, aránṣọ ti ru máṣíìnì wá lórí. Ayàwòrán á kọ́kọ́ gbé àga fún wọn, á bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí a rí, á sì fetí sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan kámẹ́rà. Wọ́n ń padà wá, wọ́n sì ń mú ẹlòmíràn wá, títí kan àwọn ará ìlú ńlá. Iṣu tuntun jáde. Ìyàwó rẹ̀ gún iyán, iyán sì tutù mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí ọkọ kò ráyè wá jẹun.

Ìwọ tí mo ń ṣe àkàwé yìí fún, o ti rí iṣẹ́ tó wù ọ́, o sì ń fi gbogbo ọkàn ṣe é. Mo rí i, inú mi sì dùn sí i gidigidi. Àmọ́ gbogbo wa la ní orí tí a ṣì ń fá, ohun tí ọwọ́ wa ti mọ́ tipẹ́tipẹ́, tí kì í sì í jẹ́ ká rí àwọn ẹlòmíràn tán. Bí àwọn ènìyàn bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ tí wọn kò padà wá, má bú wọn. Abéèrè kì í ṣìnà. Bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí a rí, kí o sì máa fà sẹ́yìn títí wọn yóò fi pé lójú rẹ. Bí o bá jókòó sínú amọ̀ nígbà náà, rẹ́rìn-ín, kí o sì ṣe iṣẹ́ rẹ láti ibẹ̀.