Bí Orímisàn Ṣe Wó Ààrò Rẹ̀ Kí Abúlé Má Baà Tú

Ìgbì ń lọ, ìgbì ń bọ̀, kò di ẹrù, kò ru ẹrù: awo etí òkun ló dífá fún Orímisàn, lọ́jọ́ tí omi yí i ká, tí kò sì rí èyí tó máa mu.

Ẹ fetí sílẹ̀ o. Opó ni Orímisàn, ẹja ló ń yan tà. Òun àti àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ló tẹ abúlé kékeré kan dó sórí iyanrìn, òkun níwájú, ọ̀sà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ṣì wà nílé lókè, ní òdìkejì ọ̀sà, ààrò àtọrọ ló fi ń yan ẹja. Bí inú onílé kò bá dùn, wọn a ní kó kó ẹja rẹ̀ kúrò. Níbí, ó mọ ààrò tirẹ̀ síbi tí iyanrìn ga jù, kí ìgbì má baà dé ibẹ̀. Ààrò ọ̀hún gba ẹja ọkọ̀ kan tán! Bó bá ń dáná níbẹ̀, orin ni lẹ́nu rẹ̀.

Àmọ́ kò sí omi mímu. Gbogbo kànga tí wọ́n gbẹ́, iyọ̀ ni. Ibi tó rẹlẹ̀ ni wọ́n sì ń gbẹ́ ṣáá, wọ́n ní ibẹ̀ ni omi máa ń wà. Wọn a wakọ̀ lọ pọnmi lókè; kí wọ́n tó padà dé, àwọn awakọ̀ ti mu ìdajì rẹ̀. Ó sú Omíyalé, àbúrò ọkọ Orímisàn, tó jẹ́ olórí wọn.

Ó ní, "Ìyàwó wa, bí oṣù bá ti lé, a ó padà sílé."

Orímisàn kò fẹ́ padà sídìí ààrò àtọrọ. Ó tọ awo lọ. Wọ́n ní kó fi ẹyẹlé méjì rúbọ, kó sì fi ààrò rẹ̀ kún un: kó wó o, kó gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ohunkóhun tó bá sì rí, kó jẹ́ kí gbogbo ènìyàn jẹ nínú rẹ̀.

"Háà, Bàbá! Ààrò kẹ̀? Ṣé Ifá kò rí nǹkan mìíràn jẹ ni?"

Awo ní, "Ohun tí Ifá sọ nìyẹn."

Ó rú ẹyẹlé, ó fi ààrò sílẹ̀. Ó ní bí Ifá bá jẹ ẹyẹlé yó, yóò gbàgbé ààrò. Ta ló sọ fún un pé Ifá ń gbàgbé?

Oṣù lé. Omíyalé bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹní sínú ọkọ̀. Orímisàn wo ọkọ̀, ó wo ààrò. Ó rí i pé bí wọ́n bá lọ, ààrò náà kò ní bá òun lọ. Ló bá gbé ọkọ́. Ó ń wó o, ó ń sunkún, ó ń ráhùn sí Ifá. Ó gbẹ́ iyanrìn títí ihò náà fi mù ún dé àyà. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi sun. Ó fọwọ́ bù ú, ó tọ́ ọ wò.

"Ẹ gbà mí o! Kò níyọ̀!"

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Omíyalé mu igbá kan, ó mu èkejì, ó tún na igbá kí ó tó rántí pé ó yẹ kí òun sọ̀rọ̀. Ó nu ẹnu.

"Ìyàwó wa, ta ló ní ká máa di ẹrù?"

"Ẹ̀yin ni, ọkọ mi."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Omíyalé fúnra rẹ̀ ló po amọ̀ ààrò mìíràn fún un.

Bí abúlé náà ṣe dúró nìyẹn. Orímisàn jẹ́ kí àwọn apẹja tó ń kọjá yà mumi, ibẹ̀ wù wọ́n, wọ́n kọ́lé. Wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n bímọ, abúlé di ìlú. Orímisàn dàgbà síbẹ̀, ó ń yin awo, awo ń yin Ifá. Bí Ifá bá ní kí ẹnikẹ́ni rúbọ, tó ń lọ́ra láti rú u tán, Orímisàn ni wọ́n máa ń rán an sí. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹyẹlé tí mo rú kò dùn mí rárá. Èyí tó dùn mí ló gbà mí."