Àmì Ọ̀dà Pupa

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Lámídì, tó ń to kọ̀ǹpútà tí yóò fi díje géèmù ní Sátidé, kò fura sẹ́nì kankan àfi òǹtajà. Ó ra mẹ́mọ́rì, ó gbé e fún Kúnmi ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Dì í mú. Má jẹ́ kí bàbá yìí pààrọ̀ ẹ̀.”

Nílé, nígbà tó fi í sínú kọ̀ǹpútà, ààyè inú mẹ́mọ́rì náà kò ju ìlàjì iye tó sanwó fún lọ. Àwọn méjèèjì padà sí ṣọ́ọ̀bù.

“Bàbá, ẹ lù mí ní jìbìtì.”

“Ṣé mo kán ọ̀dà pupa sí tìrẹ lára, lójú rẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ọ̀dà ọ̀hún dà lára eléyìí? Ọmọ mi, ta ló bá ọ gbé e délé?”

Lámídì bojú wẹ̀yìn. Kúnmi ti lọ.